Aṣọ Tí Mo Ní Ewé Ni Mo Fi Fọ̀

Hephzibah ni orúkọ ìsàmì mi, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kemta, kò sẹ́ni tó ń fi í pè mí mọ́. Màmá Eléwé ni wọ́n ń pè mí, àtọmọdé àtàgbà, títí kan àlùfáà wa fúnra rẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi dé egungun. N kò ní í purọ́ fún yín, nítorí lórí ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ tí mo ti pa tó mi í lò dọjọ́ ikú.

Èmi ni mò ń fọ aṣọ pẹpẹ. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, bí ẹni pé opó kì í níṣẹ́ nílé ara rẹ̀. Aṣọ pẹpẹ, aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń nu ife Ìdàpọ̀ Mímọ́, àti aṣọ funfun àwọn akọrin nígbà ọdún. Ọṣẹ oníyẹ̀fun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bíi gbogbo ayé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ mi fi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ẹfúnkẹ́mi ló rí ọwọ́ náà. Ará abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ni, ó máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá tà fún mi, olórìṣà pọ́ńbélé sì ni, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní aṣọ àlà tí wọ́n ń wọ̀ nílé àwọn ti funfun kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun, ewé àti eérú ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́ mi.

Iṣẹ́ náà ò le láti sọ. Ẹ ó já ewé ìbẹ́pẹ tó gbó dáadáa, tí kò tíì pọ́n. Ẹ ó gún un, ẹ ó fún un sínú omi, yóò sì máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ó sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ di eérú, ẹ ó da eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, ẹ ó máa rọ omi lé e díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀, tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òun ni omi eérú, kò sì sí ọ̀rá tàbí òógùn tí kò lè lé kúrò lára aṣọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà fún ojú àbàwọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ó sá aṣọ sórí koríko, kí oòrùn bá yín parí rẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni apá tí ẹ ó fi gún un, tí ẹ ó fi ra á, tí ẹ ó sì fi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹrin.

Aṣọ pẹpẹ funfun, ọwọ́ mi sì jinná. Nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo wo ojú wọn, mo rántí aṣọ àlà, mo ní ìyá ìyá mi ló kọ́ mi. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó kéré, kò dun ẹnikẹ́ni, àfi bóyá Ẹfúnkẹ́mi, òun náà ò sì gbọ́.

Harriet, ìyàwó àlùfáà, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ó pè mí síwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé kí n wá kọ́ wọn. Ó ní kẹ́míkà ń pa wá, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti fi ọṣẹ sórí igi fún wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Títí dé ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti ń wá ya igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé mi ní fọ́tò, wọ́n á sì ní kí n dúró sídìí rẹ̀. Èmi obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí wọn ò yà ní fọ́tò dá wà rí àfi fún káàdì ìdìbò. Ó wọ̀ mí lórí, mo gbà.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ewé fọ̀ ọ́ láìṣẹ̀tàn. Lẹ́yìn náà ni apá ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, láti èjìká dé ìgúnpá. Ọdún yẹn kan náà ni òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìdá, nígbà tó ku díẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ wa lórí. Oòrùn ò yọ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò gbẹ, eérú ò sí, aṣọ pẹpẹ sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n wáìnì. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ṣàpọ́n, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, mo ra ọṣẹ oníyẹ̀fun àti bílíìṣì, mo sì gbé e wálé lábẹ́ ẹ̀fọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo da ìyẹ̀fun sómi, ó hó yàà, mo wá já ewé ìbẹ́pẹ mẹ́ta, mo tẹ́ ẹ lé e lórí, kí ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé lè rí ewé. Lọ́dọ̀ tiwa, omi tí a bá fi kọ́kọ́ ṣan aṣọ Ìdàpọ̀ kì í bọ́ sí gọ́tà. Ìdí òdòdó ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń dà á sí, nítorí wáìnì mímọ́ tó wà nínú rẹ̀. Mo da bílíìṣì síbẹ̀ tàdúrà-tàdúrà. Nígbà tí òdòdó náà rọ, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ní òjò ló pa á, mo sì bá a dárò.

Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ kan aṣọ pẹpẹ náà, ó béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo tẹrí ba.

Mo fẹ́ padà o. Nígbà tí òjò dá, mo padà sídìí ewé lóòótọ́, mo gún un, mo ra á, apá ń ro mí. Harriet gbé aṣọ náà sókè nínú oòrùn, ó wò ó, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, ṣé kò rẹ Màmá báyìí, torí aṣọ yìí ò mọ́ bíi ti ọjọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ewé mi ò tó ewé mi mọ́. Mo tún wọ ọkọ̀ Ṣàpọ́n. Inú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni mo há sí, mo sì ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé sí gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ì bá mọ bẹ́ẹ̀, aṣọ pẹpẹ ò ní ara tó lè sú, ǹ bá gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ sí sàréè ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n Ìníolúwa bímọ.

Ìníolúwa ni ìyàwó ọmọ mi Ọbáfẹ́mi. Ìbàdàn ni Ọbáfẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé. Olùkọ́ ni, onísùúrù ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọdún méje ni wọ́n fi wá ọmọ. Nígbà tí Bólúwatifẹ́ dé, mo jó títí èjìká mi fi gbàgbé pé òun ń ro mí.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ọsibítù dé, Ìníolúwa kó aṣọ ọmọ náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun kà á pé ọṣẹ oníkẹ́míkà kì í jẹ́ kí ara ìkókó gbádùn, pé òun ò fẹ́ kí ohunkóhun kan aṣọ ọmọ òun àfi ewé Màmá. Mo ní kò burú. Mo pinnu lọ́kàn mi pé ti ọmọ yìí, ewé gidi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìpinnu náà fi dúró. Ìkókó ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, ó ń pọ̀, aṣọ ń ga lójoojúmọ́, apá mi ò sì gbé e mọ́. Mo ní kí n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ ràn án lọ́wọ́, kí n sì ṣan án dáadáa. Ọmọ mẹ́rin ni mo fi ọṣẹ ọjà wò dàgbà, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Nígbà tó yá, díẹ̀ di púpọ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ pẹpẹ nínú báàfù kan náà, pẹ̀lú ewé mẹ́ta lókè.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sú. Ọrùn, àyà, ẹ̀yìn orúnkún. Ó pọ́n, ó gbẹ, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó bá ti họ ọ́. Kì í sùn. Ìníolúwa á gbé e yí pálọ̀ ká, á máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, èmi náà ló sì tẹ orí ọmọ náà wọ́. Ṣé mo mọ̀? Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ti bó rí.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù, èmi ni mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Dọ́kítà yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ aṣọ rẹ̀, Màmá?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run rí mi, mo la ẹnu. Ìníolúwa ló dáhùn, tìdùnnú-tìdùnnú.

"Ọṣẹ kankan kọ́, dọ́kítà. Ewé ìbẹ́pẹ àti omi eérú ni Màmá fi ń fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ wọ́n mọ́ ọn ní Kemta."

Inú dọ́kítà dùn. Ó ní ìbá wu òun kí gbogbo ìyá àgbà rí báyìí. Ó fi bírò fa ìlà pa ọ̀rọ̀ ọṣẹ nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, mo sì rí ìlà náà. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹjọ́, èmi tí ẹjọ́ jẹ́ tèmi. Bólúwatifẹ́ di àtàǹpàkò mi mú, kò jù ú sílẹ̀ títí a fi dìde.

Dọ́kítà ní bí kì í bá ṣe aṣọ, a jẹ́ pé ohun tí ìyá ń jẹ ló ń gba inú ọmú dé ara ọmọ. Kí Ìníolúwa yé jẹ ẹyin, ẹja, mílíìkì, ẹ̀wà àti ẹ̀pà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àwọn wò ó ná. Ìníolúwa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní òfin mẹ́wàá.

Nínú ọkọ̀, mo ní bí a bá sọ̀ kalẹ̀, n ó sọ ọ́. A sọ̀ kalẹ̀. Mo ní bó bá jókòó, n ó sọ ọ́. Ó jókòó, ó tú bàtà, ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ yín, Màmá, ọ̀kan ti yọ kúrò níbẹ̀." Mo gbé bàtà náà, mo lọ tò ó sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo lè ṣe láìsọ̀rọ̀ ni mo ṣe. Mo da ìyókù ìyẹ̀fun àti bílíìṣì náà sí ṣáláńgá, mo sun ọ̀rá àti ike wọn. Ní ọ̀sán, nígbà tí Ìníolúwa bá sùn díẹ̀, mo tún gbogbo aṣọ ọmọ náà fọ̀, ogójì ó lé, ewé gidi, eérú gidi, omi mẹ́fà dípò mẹ́rin. Mo há aṣọ ìnura sẹ́nu kí n má baà ké. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ara Bólúwatifẹ́ ti ń dán. Ó sun oorun àsùnmọ́jú. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún ayọ̀, mo ní ó ti parí, Olúwa bò mí láṣìírí.

Kò parí. Ìníolúwa ní oúnjẹ ni.

Kí ni kó má sọ bẹ́ẹ̀ sí? Ó yé jẹ nǹkan wọ̀nyẹn, ara ọmọ jinná. Dọ́kítà ní kó máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, kí àwọn mọ èyí tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní dọ́kítà kọ́ ló ń gbọ́ igbe ọmọ òun, pé títí òun ó fi já a lẹ́nu ọmú ni òun ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó yá, ó yọ ẹran kún un, ó yọ òróró, ó yọ tòmátì. Láfún àti ewébẹ̀ lásán ló ń jẹ, kò sí nǹkan méjì nínú ọbẹ̀ náà tó lè bínú síra wọn. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo ní bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé orí òun ló ń fọ́, ó yé òun, ṣùgbọ́n ti ọmọ òun ni.

Ọjọ́ kan ó ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Láti ọjọ́ náà ni wàrà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti jinná wá ń sunkún ebi. Mo ní ká ra mílíìkì inú agolo fún un, ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká fún un ní májèlé. Mo jókòó sínú ilé yẹn, mò ń wo ìyá tó ń gbẹ, mò ń wo ọmọ tó ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ nítorí ìlà kan tí dọ́kítà fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, kí Ọbáfẹ́mi tó dé, mo se mọ́ínmọ́ín. Mo fi ẹyin sí i, mo fi ẹja sí i. Mo gbé e síwájú Ìníolúwa, mo tú ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Mo rí i tó ń gbé itọ́ mì. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ni mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fò dìde, ó ń pariwo pé kí ni mò ń ṣe yìí, mo sì di ìdí aṣọ rẹ̀ mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹfúnkẹ́mi, mo sọ ti òjò, mo sọ ti Ṣàpọ́n, mo sọ ti ewé mẹ́ta orí báàfù. Mo ní inú ọṣẹ tí ò fẹ́ yẹn gan-an ni mo ti fọ aṣọ ọmọ rẹ̀, pé nígbà tí dọ́kítà béèrè, mo dákẹ́. Mo ní ọjọ́ tí mo padà sí ewé ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jinná, kì í ṣe ọjọ́ tó yé jẹ ẹyin. Mo ní kó bú mi, kó lé mi jáde tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó jẹun.

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo tẹrí ba, mo ń retí ohun tó tọ́ sí mi, mo sì fẹ́ ẹ, bí ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀ ṣe ń retí ẹni tó máa sọ̀ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà mí dìde, ó dì mọ́ mi.

"Màmá, ó tó. Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe."

"Òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ, ìyàwó mi."

"Ẹ fẹ́ kí n jẹun. Ẹ fẹ́ kí n jẹun débi pé ẹ fẹ́ ba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ yín jẹ́ nítorí mi. Ta ló tún ní irú ìyá ọkọ báyìí?"

Mo na ọwọ́ sí Bíbélì orí tábìlì láti fi búra. Ó gba ọwọ́ mi mú, ẹ̀rù bà á. Ó ní kí n jọ̀wọ́ má fi Ìwé Mímọ́ búra èké nítorí òun, pé òun ò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Mo ti da ìyẹ̀fun nù, mo ti sun ọ̀rá. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi mọ̀, n kò ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ṣàpọ́n rí. Bí a bá ní ká pe ẹlẹ́rìí, gbogbo ẹni tó yọjú lójú fèrèsé ló máa búra pé ewé làwọn rí, Harriet á búra, bíṣọ́ọ̀bù á búra. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá tèmi lóòótọ́. Irọ́ ni wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ní kí òótọ́ máa lọ.

Ẹ̀rí kan ló kù. Kí n lọ ra ìyẹ̀fun náà, kí n fọ aṣọ kan, kí n wọ̀ ọ́ fún ọmọ, kí ìyá rẹ̀ sì jókòó máa wò ó. Ara ọmọ náà nìkan ló lè jẹ́rìí mi. Mo wo ọrùn rẹ̀ tó ti jinná, níbi tó sùn sí lórí àga, ojú sì tì mí pé irú èrò bẹ́ẹ̀ gba orí mi kọjá.

Igbe wa ló jí i. Ìníolúwa gbé e, ó fún un lọ́mú. Ó fà á, ó fi í sílẹ̀, ó ké. Ìyá rẹ̀ gbé èkejì sí i lẹ́nu, ó fà á, ó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìníolúwa fi ọwọ́ kan ṣẹ́ ewé padà bo mọ́ínmọ́ín náà, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù, pé ní ọjọ́ Àìkú yìí òun máa dìde jẹ́rìí nínú ìjọ sí irú ìyá tí Ọlọ́run fún òun. Ọmọ náà tọ̀ sára. Ìníolúwa bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ẹ bá mi fọ èyí, Màmá. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbé e fún."

Mo gba aṣọ náà, mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ náà sì ń ké.